Ará Òrò, Ọmọ Òrò

Bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òrò, lójú títì tó ti Ajàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ọ̀mù-Àrán, ìbéèrè méjì ló máa pàdé rẹ̀ kó tó rìn jìnnà. Àgbàlagbà tó jókòó síwájú ilé yóò kọ́kọ́ bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Bó bá ní òun kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bàbá á tún un bi: "Ilé ta lo dé sí?" Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ lè rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Rárá o. Èkíní ń wá ibi tí wọ́n ti bí i, èkejì ń wá ibi tó máa sùn. Ọmọ la fi ń dáhùn èkíní, ará la fi ń dáhùn èkejì. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló jẹ mí lógún. Gbogbo wa ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ká sọ ìtumọ̀ rẹ̀, "ẹbí" la máa ń kọ́kọ́ sọ, ìyẹn kò sì tó rárá.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti àmì ohùn ná, torí àìfàmìsí ń da ìlú yìí àti ọ̀rọ̀ yìí láàmú púpọ̀. Ara ni ẹran àti egungun tí a gbé wọ̀. Àrá ló ń sán nígbà òjò. Àrà ni ohun ìyanu tí ọlọ́gbọ́n ń dá. Ará ni ẹni tó ń gbé ibì kan. Ní ti Òrò, ìlú ni. Orò ni ohun tí à ń ṣe nílé àwọn baba wa. Oró wà lẹ́nu ejò. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu wa. Ẹ wá wo ọmọ ìlú tó tẹ "ara oro" ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì kankan sí i. Ó lè jẹ́ ènìyàn ìlú Òrò ló ń kí yín, ó sì lè jẹ́ ara tí oró ti wọ̀.

Ará kì í dá dúró. Bí mo bá ní "ọba dé", ó ti yé ọ. Bí mo bá ní "ará dé", wàá bi mí pé ará ibo. Ilé, oko, ìlú, àdúgbò, ibì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ibì kan náà yẹn, bí "oní" bá ṣáájú rẹ̀, ọ̀tọ̀ lohun tó ń jẹ́: onílé ló ni ilé, ará ilé ló ń gbé inú rẹ̀. Olórò ni ọba tó ni Òrò; ará Òrò ni gbogbo ẹni tó ń jí níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọba alára pẹ̀lú wọn. Ibẹ̀ la ti rí aráàlú tí àwọn oníròyìn rédíò kì í yé pè. Ibẹ̀ náà la ti rí aráyé, ìyẹn ará ayé, ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀bi kankan lọ́rùn tẹ́lẹ̀, kí àdúrà ìṣọ́ òru tó sọ ọ́ di orúkọ ọ̀tá.

Ẹ̀rí pé ibùgbé ni ará ń wò, tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kò ṣòro láti rí. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí ní Ìdó-Òrò, tó lọ fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bó bá wálé nígbà Kérésì, tó sọ̀ kalẹ̀ ti òun ti àpò ńlá àti búrẹ́dì gígùn, igbe tí àwọn ọmọdé ilé bàbá rẹ̀ gan-an máa ké ni "Ará Èkó dé!" Wọn kò bú u, wọn kò sì lé e kúrò nílé. Ọmọ Òrò ni títí ayé, ṣùgbọ́n ará Èkó ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, torí ibẹ̀ ló ń sùn. Ẹ̀rí kejì tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ilẹ̀ egúngún ni ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kí là ń pe egúngún? Ará ọ̀run. Bàbá tó kú kò yé jẹ́ bàbá, kò sì yé jẹ́ ọmọ ẹni tó bí i. Àdírẹ́sì nìkan ló yí padà. Àná, ará Òrò. Òní, ará ọ̀run. Ikú pàápàá kò lè gba "ọmọ" lọ́wọ́ ènìyàn. "Ará" ló lágbára láti gbà.

Inú agboolé lọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣiṣẹ́ jù. Agboolé àtijọ́ ní ògiri tó yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, àti baálé kan tí gbogbo ẹjọ́ ń parí sí iwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò ti ibì kan náà wá. Ọmọ ilé wà níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Aya ilé wà, tí wọ́n fẹ́ wá láti Èsìẹ́ tàbí láti Ọ̀mù-Àrán. Ìwọ̀fà wà láyé ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ baálé tí ogun lé wá tí kò sì padà mọ́ náà wà. Ará ilé ni gbogbo wọn, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Ìyàwó ilé kì í ṣe ọmọ ilé, kódà kó bí ọmọ mẹ́wàá níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sílé kí ó tó wọlé, ìbáà ṣe ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì, "ọkọ mi" ló máa pè é, kò sì ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Á wá orúkọ fún un, Akọ̀wé tàbí Ìbàdíàrán tàbí Eyínfúnjowó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ odindi ìwé, tó jáde ní 1997, láti fi hàn pé ìgbà tí ènìyàn wọlé ló ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà nínú ilé Yorùbá, kì í ṣe akọ tàbí abo. Àwọn ìyá wa tó ń wá orúkọ fún ọkọ ọlọ́dún méjì kò nílò ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin ilé náà, bó bá dàgbà, á lọ sílé ọkọ. Ọmọ ilé wa ni kò yé jẹ́, bó bá sì dé nígbà òkú tàbí ìgbéyàwó, àṣẹ tó bá pa ni àwọn ìyàwó máa tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ará ilé ibòmíràn ló ti dà. Ẹ wá wò ó: nínú agboolé kan náà, àwọn àgbà obìnrin tó jẹ́ ará kì í ṣe ọmọ, àwọn tó jẹ́ ọmọ kì í ṣe ará mọ́. Ta ló ń gbálẹ̀ láàárọ̀? Ta ló gbọ́ pé ọmọ ìyá àgbà kan ń gbóná lóru? Ará ni.

Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ yìí nígbà tí wọ́n ń pa á lówe pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ká tètè sọ fún un, torí hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn kò sọ pé ọmọ ìyá ẹni. Ọmọ ìyá rẹ lè wà ní Kánò kó máa jẹ kòkòrò tirẹ̀, ìwọ á sùn wọra. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ ń gba inú ògiri kọjá sí ọ létí, òun ni ará ilé rẹ. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń háyà yàrá sínú ilé kan náà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí Ẹ̀gbá ń gbé yàrá kìíní, tí Ìjẹ̀bú ń gbé èkejì, tí Ìgbò ń gbé ẹ̀kẹta, fi ń pe ara wọn ní ará ilé láìṣe ojú àánú. Ọ̀rọ̀ wọn ò kan ti ẹ̀jẹ̀. Kànga kan, ilé ìyàgbẹ́ kan, owó iná kan tí wọ́n ń jà lé lórí lópin oṣù, ìyẹn tó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìkòkò kan ni agboolé fi ń jẹun. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní àdògán tirẹ̀, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ló ní oko tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí. Ohun tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ ní òfin. Àáró jẹ́ àyípoyípo: mo bá ọ kọ ebè lónìí, o bá mi kọ ọ́ lọ́túnla, ẹni tó bá jẹ gbèsè àáró ò lójú láti jókòó láwùjọ. Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń pè é, òun náà ló sì máa se oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń yá gágá wá. Kò sí ìyàtọ̀ ọmọ àti àlejò nínú méjèèjì. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ tó sì lọ́wọ́ méjì, iṣẹ́ kàn án.

Àwọn òyìnbó ní orúkọ tiwọn fún àwọn tó bá jọ ń gbé pọ̀ báyìí. Kọ́múùnù ni Faransé ń pe àwùjọ náà. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Paris gba ìlú lọ́wọ́ ìjọba ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta 1871, kọ́múùnù ni wọ́n pe ìjọba tiwọn, àwọn ènìyàn sì ń pe àwọn jagunjagun rẹ̀ ní communard títí àwọn ṣọ́jà fi tẹ̀ wọ́n rì ní òpin oṣù karùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ti dé ilẹ̀ Yorùbá báyìí, àmọ́ kò mú ìbọn wá. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni kọ́múùnù. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, 77, ni gbogbo rẹ̀. Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sákétẹ́ wà nínú wọn. Wá bi ọkùnrin Kétu pé ará ibo ni. Kò ní dárúkọ kọ́múùnù. Ará Kétu ni yóò wí, torí Kétu ti wà kí Faransé tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni kọ́múréèdì tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa fi ń pe ara wọn lójú agbo. Ọ̀rọ̀ ńlá ló ń dún lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ̀ ọ́ dé orísun, èdè Spéènì ni wọ́n ti mú un, ẹni tí a jọ ń sùn ní yàrá kan ló sì túmọ̀ sí. Ará yàrá! Ohun tí ìyá àgbà kan ní Òrò ń sọ láìwọ fìlà pupa.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibì kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti sọ ará di ìkòkò kan ní tòótọ́. Ayétòrò ni, létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Òndó òní. (Tòrò tó wà nínú orúkọ náà kò bá Òrò wa tan o.) Àwọn onígbàgbọ́ tó jáde láti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní oṣù kìíní 1947, lórí ẹrẹ̀, lórí òpó igi. Ìlú Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n pè é. Ẹja tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù. Àpò kan ni owó ń wọ̀, láti inú rẹ̀ ni oúnjẹ àti aṣọ ti ń jáde. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, iná mànàmáná sì ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó yí wọn ká ṣì ń tan fìtílà. Stanley Barrett, onímọ̀ kan tó lọ bá wọn gbé, kọ ìwé lórí wọn ní 1977. Ní 1968 ni wọ́n gbà kí oníkálùkù máa ṣe òwò tirẹ̀, àpò kan náà sì tú. Lójú tèmi, ohun tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ níbẹ̀ ni pé àpò tú, ìlú kò tú. Ọba wọn, Ògelóyìnbó, wà lórí oyè lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn ṣì ń jẹ́ ará Ayétòrò, òkun tó ń ya wọlé tó ń gbé ilé wọn lọ ló wá ń bá orúkọ náà jà báyìí.

Ohun kan wà tí mo máa ń yẹ̀ wò nínú èdè wa tí mo rò pé ó fi ọgbọ́n pamọ́. A kì í sọ pé "ará ẹgbẹ́". Ọmọ ẹgbẹ́ la ń sọ. Ọmọ ìjọ, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọmọ ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ kò ní ògiri, ẹnikẹ́ni kì í sun inú ẹgbẹ́, nítorí náà èdè fi í ṣe ìyá tó ń bí ọmọ. Ṣùgbọ́n bí oníwàásù bá dìde láàárín ọmọ ìjọ, "ẹ̀yin ará" ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì ló fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ń pe àwọn ìjọ ní ọmọ ìyá, ará ni wọ́n fi sí i. Lórí ìjókòó ni àwọn ènìyàn náà wà fún wákàtí méjì péré, ọ̀rọ̀ náà sì ti kó wọn sínú ilé kan. Àwọn ààfáà náà ń lò ó nínú wáàsí, àwọn olóṣèlú sì ti jí i gbé. Ní irú ìpè bẹ́ẹ̀ nìkan ni ará ti ń dá dúró láìsí ibì kan lẹ́yìn rẹ̀, torí ibi tí a wà ni gbogbo wa ti mọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ń fà bíi rọ́bà. Òrò kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo. Ìlú mélòó kan tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ni, Ìjọ̀mu-Òrò, Ìdó-Òrò, Òkerímì-Òrò, Òkè-Ọlà, Ìlúdùn, Òtùn àti àwọn yòókù. Bí o bá wà láàárín wọn, ará Òkerímì tàbí ará Ìjọ̀mu ni ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa pè ọ́ ní ará Òrò, torí kí ló máa fi ìyẹn dá ọ mọ̀? Dé Ajàṣẹ́-Ìpo, ìyàtọ̀ yẹn ti parẹ́, ará Òrò lo dà. Ní Ìlọrin, ará Ìgbómìnà. Èkó ni wọ́n ti máa bí ọ nínú: ará Ìlọrin ni wọ́n máa pè ọ́, tàbí ará òkè, bíi pé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn Ìbàdàn kò ju òkè kan lọ. Bó bá di London, àwọn méjì tó ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ nílé á dì mọ́ra nínú bọ́ọ̀sì pé, "Há, ará ilé!" Bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ilé ń fẹ̀ sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ni ni ìwé ìjọba. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 318, sọ ẹni tó "jẹ́ ti" ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí òbí rẹ̀ jẹ́ ara àwùjọ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Òfin náà dárúkọ àwùjọ, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ló lọ béèrè. Kò béèrè ibi tí ò ń sùn. Ní tiwa, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Ọ̀mù-Àrán, orúkọ tó wà lára pátákó rẹ̀ sì ni Ìrépọ̀dùn. Ìrẹ́pọ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀dọ́ ń wá lọ síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni. Kò sí ìwé ẹ̀rí ará. Ẹ̀bìrà tó ti ń dáko sí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ọgbọ̀n ọdún, Ìgbò tó ń ta páàtì ọkọ̀, tó ń dá owó ìlú, tó ń bọ́ síta bí wọ́n bá pe iṣẹ́ ìlú, ará Òrò ni wọ́n lẹ́nu gbogbo wa. Bí ọmọ wọn bá fẹ́ wọ yunifásítì, kó lọ wá ìwé sí ìlú tí kò mọ̀ rí.

Àwa Yorùbá mọ bí èyí ṣe ń rí lára. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀ffà tó ti ń ṣòwò ní Tàmálè àti Kùmásí fún ọdún gbọọrọ, tí àwọn míì nínú wọn bí ọmọ àti ọmọ-ọmọ síbẹ̀, di ẹrù wálé. Ará ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ, ọ̀sẹ̀ méjì sì tó láti fi ìyàtọ̀ náà hàn wọ́n. Ní 1983 Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ padà fún ará Gánà, àpò tí wọ́n fi di ẹrù ṣì ń jẹ́ "Gánà-mọ́ọ̀sì-gò" lọ́jà di òní.

Bí mo bá ń ronú báyìí, àwọn ère Èsìẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òrò. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan, tọkùnrin tobìnrin, àwọn míì jókòó lórí àpótí pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ní 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, òun ló sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ìtàn àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn ni pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn dé, inú igbó ni wọ́n ti bá àwọn ère náà, wọ́n ti jókòó. Kò sẹ́ni tó bí wọn ní Èsìẹ́. Wọn kò sì lè tọ́ka sí bàbá àgbà kankan. Síbẹ̀ ọdọọdún ni ìlú ń ṣe ọdún Ère fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. Ará ni wọ́n.

Bí ìwọ bá dé Òrò lọ́la, tí o kò sì ní èsì fún ìbéèrè àkọ́kọ́, má ṣe jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́. Dáhùn èkejì dáadáa. Dárúkọ ilé, dárúkọ baálé, kí o sì kí àwọn tó wà lójúde pé ẹ kú ilé o. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ baálé ibi tó sùn, hòtẹ́ẹ̀lì ló sùn.